Àgbélébùú àti ère ìbí Jésù tí wọ́n gbẹ́ ní Àjàṣẹ́: ewo ló yẹ ní rírà?

Bí Oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin, àwọn ìjọ, ilé ẹ̀kọ́ àti onílé ní Àjàṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ère ìbí Jésù, èyí tí àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ ń pè ní crèche. Pílásítà àti oníke tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ló pọ̀ jù lọ́jà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ agbẹ́gilére kan wà lọ́nà ọjà Ouando tó ń fi igi gbẹ́ tirẹ̀, tó sì ń tà á mọ́ àgbélébùú kan: ère mọ́kànlá, àgbélébùú ńlá kan, àti ìwé pélébé tó ṣàlàyé wọn ní èdè Faransé àti Yorùbá. Pípa tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ yìí ló mú kí ọjà náà yẹ ní yíyẹ̀wò fínnífínní. Ọmọ inú ibùjẹ ẹran àti ọkùnrin orí igi, ẹnì kan náà ni. Bí ère kan bá ń sọ ohun tí èkejì ń tako, ẹ̀kọ́ tó wọ́ lẹni tó rà á gbé wálé.

Igi ni kí a kọ́kọ́ wò. Ọ̀mọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ère mọ́kànlá yẹn, igi tí àwọn agbẹ́gi Kétu mọ̀ dáadáa nínú iṣẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, torí ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, kò sì wúwo. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ yí ère kọ̀ọ̀kan dojú dé, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọkàn igi, ojú róbótó tó wà láàárín gbùngbùn ìtì, láàárín ère náà, ẹ dá a padà: bí ọyẹ́ bá dé, yóò sán láti ibẹ̀ dé òkè, ojú tàbí àyà ni ìsán náà sì máa ń gbà. Bí ìyẹ̀fun kúnná bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ère, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ọ̀rá dì í pinpin, kí ẹ gbé e sínú firísà tó ń dì gbagidi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó fi epo igi pa á. Nínú mọ́kànlá tí a yẹ̀ wò, Jósẹ́fù àti olùṣọ́ àgùntàn kan ni ọkàn igi wà nínú wọn. Àwọn yòókù dára.

Ìṣòro tó tóbi jù wà lára Ọmọ náà fúnra rẹ̀. Màríà wà ní ìdúró, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ọmọ gùn ní 15. Ọmọ tuntun kì í ju nǹkan bí ìdámẹ́ta gíga ìyá rẹ̀ lọ, nítorí náà 9 tàbí 10 ló yẹ kí ó jẹ́. Ọmọ tó bá tó ìdajì ìyá rẹ̀ ti ń rìn kiri ilé. Àwọn kan á ní kí la wá fẹ́ fi èyí ṣe, ère ṣáà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ìgbàgbọ́ Krístẹ́nì ń sọ nípa ìbí yìí ni pé Ọ̀rọ̀ tó ti wà kí ayé tó wà di ẹran ara, pé ó di ìkókó tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, tó ń mu ọmú, tí wọ́n ń nu ìdí fún. Lúùkù kọ ọ́ pé ó ń dàgbà ní ọgbọ́n àti ní ìdúró. Bí ère bá fi í hàn bí ẹni tó ti gbó kó tó dé, ó ń sọ fún ọmọ tó ń wò ó pé ìkókó yẹn kì í ṣe ìkókó gidi.

Wọ́n tún gbẹ́ ẹ ní ìhòòhò, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń kí èrò. Lúùkù sọ pé ọ̀já ni wọ́n fi wé e. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbẹ́ ọ̀já náà sí i lára. Wọ́n gbà láti ṣe é láìfi owó kún un, ó sì sàn fún igi pẹ̀lú, torí ọwọ́ tó yọ síta ló máa ń kọ́kọ́ dá. Nínú ère kíkùn àwọn ìjọ ìlà-oòrùn, ibùjẹ ẹran sábà máa ń dà bí pósí òkúta, ọ̀já ìkókó a sì dà bí aṣọ òkú. Ẹni tó bá wò ó á mọ ibi tí ọmọ yìí ń lọ.

Ohun kan tí ilé iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa ni pé Ọmọ kò lẹ̀ mọ́ ibùjẹ. Ẹ lè fi ibùjẹ sílẹ̀ lófìfo títí di òru 24 Oṣù Kejìlá. Ohun mìíràn ni pé ibùjẹ náà tẹ́jú lókè, ó lágbára, a sì lè gbé nǹkan lé e. Ní Greccio, ìlú kékeré kan ní Ítálì, ní ọdún 1223, Francis ará Assisi kó koríko, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ, wọ́n sì ṣe Máàsì lórí ibùjẹ ẹran ibẹ̀. Ibi tí ìkókó sùn sí di pẹpẹ. Kò sí ìwé pélébé tó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò sí nínú ìtàn Lúùkù. Aísáyà 1:3 ni àṣà ti mú wọn wá. Wọ́n gbẹ́ wọn dáadáa.

Àwọn amòye mẹ́ta wọ agbádá àti adé ìlẹ̀kẹ̀ bí ọba wa. Mátíù kò pè wọ́n ní ọba, kò sì ka iye wọn. Ẹ̀bùn mẹ́ta ló mú kí àṣà sọ wọ́n di mẹ́ta, Sáàmù 72 àti Aísáyà 60 sì ló fi adé dé wọn lórí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní adé Yorùbá kò bá a mu kò tọ́. Ní 1947 ni ilé iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll bójú tó ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn agbẹ́gi bíi Bandele ọmọ Areogun láti gbẹ́ ìtàn Ìhìn Rere ní ìṣe àti aṣọ Yorùbá; Lamidi Fakeye tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, Mùsùlùmí ni. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú tiwa yìí ni pé irú àpótí kan náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn gbé dání. Wúrà, tùràrí àti òjíá ni Mátíù sọ. Òjíá ló ṣe pàtàkì jù níbí, nítorí òun náà ni Nikodémù gbé wá, pẹ̀lú álóè, tó fi sin òkú Jésù nínú Jòhánù 19. Ẹ ní kí wọ́n fún ẹnì kẹta ní ìgò ọlọ́rùn gígùn, kí ẹ lè rí ohun tọ́ka sí tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọdé.

Ó kan àgbélébùú. Méjì ni wọ́n ń tà. Ńlá ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, kékeré 25, ìrókò sì ni méjèèjì. Ẹ yẹra fún èyí tí àlà funfun ẹ̀gbẹ́ igi bá wà lára rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìkán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìkán kì í tètè jẹ pupa inú igi. Lára ńlá, wọ́n gbẹ́ apá lọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi èèkàn igi àti gúlúù so ó mọ́ èjìká. Bó ṣe yẹ nìyẹn: okun igi gbọ́dọ̀ bá gígùn apá lọ. Kékeré ni wọ́n gbẹ́ láti inú pákó kan ṣoṣo, okun igi dábùú apá, bó bá sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, apá ti dá nìyẹn. Àbùkù kan wà lára méjèèjì: ìṣó irin ni wọ́n fi kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Omi ara igi àti irin kì í gbé pọ̀, ibi ìṣó á dúdú, dúdú náà á sì máa ràn. Ẹ béèrè ìṣó idẹ.

Kékeré kò yẹ ní rírà rárá, kì í sì í ṣe nítorí apá nìkan. Ara náà dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun tí wọ́n ní kó dúró gbọnin. Apá rẹ̀ tẹ́ gbọọrọ, kò fi ìwúwo kankan hàn, ojú ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ọgbẹ́ ọ̀kọ̀ ní ìhà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, Ignatius ará Áńtíókù ń bá àwọn kan jà tí wọ́n ní Krístì kò jìyà ní tòótọ́, pé ó kàn dà bí ẹni ń jìyà ni. Ère kékeré yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wọn. Bí ara náà kò bá ní ìwúwo, ikú náà jẹ́ àṣehàn, bí ikú bá sì jẹ́ àṣehàn, kò sí ẹbọ.

Ńlá yàtọ̀ pátápátá. Orí wó sí èjìká ọ̀tún, ikùn wọlé, orúnkún tẹ̀, apá fà sókè nítorí ara ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ọgbẹ́ wà ní ìhà ọ̀tún. Jòhánù kò sọ ìhà wo, àṣà ló mú ọ̀tún, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti omi ti jáde. Egungun ẹsẹ̀ kò ṣẹ́, bí Jòhánù ti kọ ọ́ nígbà tó ń rántí òfin ọ̀dọ́ àgùntàn Àjọ Ìrékọjá. Àwọn oníbàárà kan ń ráhùn pé ojú rẹ̀ ti pa dé, pé ó ń bani lẹ́rù. Ayé àtijọ́ sábà máa ń gbẹ́ Krístì pẹ̀lú ojú lílà, bí aṣẹ́gun. Àgbélébùú Gero ní ìlú Cologne, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 970, wà lára ère ńláńlá àkọ́kọ́ tó fi í hàn ní òkú. Méjèèjì ló bá Ìwé Mímọ́ mu. Ohun tí kò bá a mu ni ẹ̀rín.

Ìlú tó ní Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì, àti Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá tí Oshoffa dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1947 kò lè fẹ́ irú àgbélébùú kan ṣoṣo. Àwọn tó fẹ́ igi lásán láìsí ara lórí rẹ̀ ń rántí pé ó ti jíǹde. Ilé iṣẹ́ náà ń ṣe é, iṣẹ́ ibẹ̀ sì mọ́.

Ìwé pélébé náà ni kò ṣeé fi síwájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́ pé Jésù jẹ́ “ìdajì Ọlọ́run, ìdajì ènìyàn”. Nínú ìgbìmọ̀ gbogbo ìjọ tó pé jọ ní Nicaea ní 325 ni wọ́n ti sọ pé ohun tí Baba jẹ́ ni Ọmọ jẹ́. Ní Chalcedon ní 451, wọ́n ní Ọlọ́run pípé ni, ènìyàn pípé ni, ẹnì kan ṣoṣo, láìsí ìdàrúdàpọ̀ àti láìsí ìyapa. Ìdajì kò lè gba odindi là. Gregory ará Nazianzus, bíṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀rúndún kẹrin, ti sọ ọ́ pé ohun tí Krístì kò bá gbà mọ́ra kò rí ìwòsàn: bí kò bá ní ọkàn ènìyàn, ọkàn wa ṣì wà nínú àìsàn.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé ó “yá ara lò fún ọdún 33”. Kò yá a. Ara tó jíǹde ni Tọ́másì rí pẹ̀lú ojú ìṣó, ara náà ló bá a gòkè re ọ̀run. Ohun tó gbà ní inú Màríà kò bọ́ ọ sílẹ̀ títí di òní.

Àṣìṣe tó burú jù ni ìpínrọ̀ tó ní “Baba bínú, ó fẹ́ pa ayé run, Ọmọ wá bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.” Èyí ya Ọlọ́run sí méjì, ó sọ ọ̀kan di ìkà, èkejì di aláàánú. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ pé Ọlọ́run wà nínú Krístì, ó ń bá ayé làjà pẹ̀lú ara rẹ̀. Jòhánù ní ìfẹ́ ló mú kí Baba fi Ọmọ fúnni. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tí a ń ṣàlàyé ẹbọ fún. Ẹni tí ọ̀ràn bá ló ń wá ẹran, ó ń wá àwòrò, bí ọ̀ràn bá sì padà dé, ó tún di ẹbọ. Nínú Léfítíkù 16 náà, ọdọọdún ni olórí àlùfáà ń wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ohun tí ìwé Hébérù ń sọ ni pé ẹbọ Krístì dojú ètò yẹn délẹ̀: ẹni tó yẹ kó gba ẹbọ ló pèsè rẹ̀, àlùfáà àti ohun ẹbọ jẹ́ ẹnì kan náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ṣe é. Àwọn Kátólíìkì ní Máàsì kò tún un ṣe, ẹbọ kan náà ló ń hàn níwájú wa. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kò gba ọ̀nà àlàyé yẹn, ṣùgbọ́n lórí “lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo” ohùn wọn ṣọ̀kan.

Bí ikú kan ṣe gba gbogbo ayé là, àlàyé ju ẹyọ kan lọ. Àwọn baba ìjọ àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ ọ́ bí ìṣẹ́gun lórí ikú àti èṣù. Anselm ará Canterbury, ní 1098, ní gbèsè náà ti ènìyàn ni, Ọlọ́run nìkan ló lágbára láti san án, nítorí náà Ọlọ́run tó di ènìyàn ló lè san án. Kò sí ìgbìmọ̀ gbogbo ìjọ kankan tó sọ ọ̀kan nínú àlàyé wọ̀nyí di dandan. Ìwé pélébé kò gbọ́dọ̀ ṣe é fún wọn.

Ère mọ́kànlá àti àgbélébùú ńlá jẹ́ 140,000 sẹ́fà. Àgbélébùú ńlá nìkan, 55,000. Owó yẹn tọ́ sí iṣẹ́ ibẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó ní Kérésìmesì, ẹ ti fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn Ọjọ́ Àjíǹde, kí igi lè gbẹ tán kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ìdajì owó ni kí ẹ san sílẹ̀, kí ẹ sì kọ àwọn ohun mẹ́rin yìí sínú ìwé àdéhùn: Ọmọ sẹ̀ǹtímítà 10 nínú ọ̀já, ìgò òjíá, ìṣó idẹ, àti ère tí kò ní ọkàn igi nínú.