The American: Ọwọ́ ọkùnrin náà ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ìbọn

Ẹni tó bá tẹ fíìmù The American nítorí pé ó rí òṣèré George Clooney tó ń sáré tòun tìbọn lọ́wọ́ lára pátákó ìpolówó, ó ṣeé ṣe kó ti pa á kó tó wò ó dé ìdajì. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Àwọn tó polówó fíìmù náà ló gbé ẹ̀bà fún ẹni tó ní iyán lòun fẹ́ jẹ. Òkèlè ni méjèèjì, àmọ́ ẹnu mọ ìyàtọ̀.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2010 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Òun ló pawó jù lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, síbẹ̀ nígbà tí CinemaScore, iléeṣẹ́ tó ń wádìí èrò àwọn òǹwòran, bi àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì léèrè bí wọ́n ṣe ń jáde, D- ni wọ́n fún un. Bí ọmọ ilé ìwé bá gbé irú máàkì bẹ́ẹ̀ wálé, àwọn òbí rẹ̀ á pe ìpàdé. Roger Ebert, àgbà lámèyítọ́ fíìmù tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ níbẹ̀, fún fíìmù kan náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú mẹ́rin. Títí dòní, báyìí náà lọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran ṣe rí: àwọn kan ní oorun ló fi kùn wọ́n, àwọn kan ní àwọn ò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn kò pọ̀.

Anton Corbijn ló darí rẹ̀, ará Netherlands tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya fọ́tò àwọn olórin bíi U2 àti Depeche Mode kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù. Ìkejì rẹ̀ nìyí, Control ti ọdún 2007 ló ṣáájú. Rowan Joffé ló kọ eré náà jáde láti inú ìwé ìtàn tí Martin Booth kọ ní 1990, A Very Private Gentleman. Ìṣẹ́jú 105 ni gbogbo rẹ̀, owó tí wọ́n ná lé e sì tó mílíọ̀nù 20 dọ́là, èyí tó kéré fún fíìmù tí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Jack ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí Clooney ṣe níbì kan, Edward ni níbòmíràn. Agbanipa ni, ó sì ń pa èèyàn lóòótọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un nínú fíìmù yìí kì í ṣe ìpànìyàn. Alágbẹ̀dẹ ni. Ìbọn ló fẹ́ ṣe fún agbanipa mìíràn, kó gbowó rẹ̀, kó sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá di èyí mú láti ìbẹ̀rẹ̀ á jókòó máa retí ẹni tí Jack fẹ́ pa, ẹni yẹn kò sì ní dé.

Sweden ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, nínú yìnyín. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan jáde nínú ilé onípákó létí adágún tó ti dì gbagidi. Wọ́n rí ipasẹ̀ lórí yìnyín, ipasẹ̀ náà kì í sì í ṣe tiwọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, òkú mẹ́ta ti sùn, ikú ẹnì kejì nínú wọn sì ni ọ̀pọ̀ òǹwòran kò dárí rẹ̀ ji Jack títí fíìmù fi parí. Corbijn mọ̀ pé wọn kò ní dárí jì í, ìdí nìyẹn tó fi gbé e síwájú. Lẹ́yìn náà ni Jack ń wakọ̀ nínú ihò abẹ́ òkè kan, iná ọsàn ń kọjá lójú rẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré ń jáde. Ihò náà gùn. Bí ẹ bá ti mú fóònù yín nínú ihò yẹn láti wo ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ kúkú wá fíìmù mìíràn, inú kò ní bí ẹnikẹ́ni.

Pavel, ọ̀gá tó ń gbéṣẹ́ fún un, pàdé rẹ̀ ní Róòmù, ó fún un ní ọkọ̀ àti fóònù, ó ní kó lọ fara pamọ́ sí Castelvecchio, kó má sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́. Jack dé ibẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á, ó yí ọkọ̀ padà, ó ju fóònù nù, ó gba Castel del Monte lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìlú gidi ni Castel del Monte, ní ẹkùn Abruzzo, lórí òkè Gran Sasso, ní ìwọ̀n mítà 1,346 sókè sí òkun. Ilé òkúta tò lé ara wọn bí ìsáàsùn nísọ̀ amọ̀kòkò, ọ̀nà rẹ̀ tín-ín-rín, àtẹ̀gùn ni lọ́tùn-ún, àtẹ̀gùn ni lósì, ibi yòówù kí èèyàn dúró sí, fèrèsé ẹlòmíràn wà lókè orí rẹ̀. Martin Ruhe tó di kámẹ́rà mú sì máa ń wo ọkùnrin náà láti òkè, débi tí ẹ̀yin náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara yín pé ojú ta lẹ fi ń wò ó. Lọ́dún 2009 ni wọ́n ya àwòrán níbẹ̀, ọdún kan náà tí ilẹ̀ mì tìtì ní L'Aquila, olú ìlú ẹkùn yẹn, tó sì pa èèyàn tó lé ní 300. Wọn kò sọ ọ́ nínú fíìmù, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ á wo àwọn ògiri yẹn lójú mìíràn.

Ibi tó dùn jù nínú fíìmù yìí ni ìdí iṣẹ́. Mathilde, tí Thekla Reuten ṣe, wá gbéṣẹ́ fún un bí oníbàárà ṣe ń wá bá télọ̀: ìwọ̀n ló wá sọ, kò wá tàkúrọ̀sọ. Ó fẹ́ ìbọn tó máa yìn léraléra, síbẹ̀ tó máa lọ jìnnà bí ìbọn ọdẹ, tí kò ní pariwo, tó ṣeé tú palẹ̀ kó wọ àpótí kékeré. Ìbọn Ruger Mini-14 ni Jack fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù láti fi pa ariwo rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò lọ sọ́jà rárá. Ọgbà mẹkáníìkì kan ló gbà lọ, ó tẹ̀ balẹ̀ síwájú àlòkù irin mọ́tò, ó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, ó ń dá a padà, títí tó fi rí èyí tó bá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu. Ojú rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Òun nìkan ni ojú tí inú rẹ̀ dùn nínú gbogbo ìdajì àkọ́kọ́.

Ó padà sílé, ó ti fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ó fẹ́ fi hámà lu irin, ṣùgbọ́n aládùúgbò á gbọ́. Kí ló ṣe? Ó dúró de agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Agogo dún, hámà balẹ̀. Agogo dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Agogo tún dún, hámà tún balẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé ohunkóhun, kò sí orin tó ń rọ̀ yín pé kí ẹ bẹ̀rù, ẹ̀yin náà lẹ ó mọ̀ pé ẹ ti ń ka agogo. Ohun tí àwọn tó ní fíìmù yìí falẹ̀ kò rò nìyí: kì í ṣe pé ó falẹ̀, bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń lọ ló ń lọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti alágbẹ̀dẹ tàbí agbẹ́gilére rí mọ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ kíá nídìí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ìbọn náà lọ sẹ́bàá odò láti dán an wò, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n ta àmì, wọ́n yìn ín, ó ṣì díẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún yìn. Obìnrin ẹlẹ́wà kan, ọkùnrin kan, koríko tútù, apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, tí ẹlòmíràn bá rí wọn á rò pé olólùfẹ́ méjì ló wá ṣeré. Ìwọ̀n ìbọn sì ni wọ́n ń sọ.

Àwọn òǹwòran tó ní "kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀" ń parọ́ díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Òkú kò wọ́n nínú fíìmù yìí, wọ́n sì fi alùpùpù Vespa lé ara wọn nínú àwọn ọ̀nà tóóró yẹn. Ikú wọn ló kúrú. Ìyìn kan, ó tán, kò sí ẹni tó ta òkìtì lófuurufú. Àwọn tó ní Clooney kò sọ̀rọ̀ tó, òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kí ni ẹni tí wọ́n ń wá fẹ́ máa sọ? Ẹ wo àga tó máa ń yàn nínú káfé, ẹ wo bó ṣe ń ṣe eré ìdárayá nínú yàrá lóun nìkan bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Ẹ̀rín tó fi ń tà nínú àwọn fíìmù rẹ̀ yòókù, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbí, ó sì yẹ ẹ́.

Ẹ̀sùn tí mo gbà pẹ̀lú wọn ni pé ìdí ọ̀rọ̀ kò yé. Fíìmù náà kò sọ ohun tí àwọn ará Sweden tó ń lé e kiri ń bá a jà lé lórí. Àṣírí dáa, ṣùgbọ́n èyí ti fẹ́ jọ ọ̀lẹ.

Clara náà nìyẹn. Violante Placido gbìyànjú, àmọ́ aṣẹ́wó tó rẹwà tó wá fẹ́ràn oníbàárà rẹ̀ tọkàntọkàn, ìtàn yẹn ti gbó ju aṣọ ìnulẹ̀ lọ. Ìhòòhò wà níbẹ̀, kò sì kéré, nítorí náà kì í ṣe fíìmù tí èèyàn ń wò ní pálọ̀ nígbà tí ìyá ìyàwó bá wá kí wọn. Fàdá Benedetto, tí Paolo Bonacelli ṣe, dùn ún wò lórí oúnjẹ, ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, á tún sọ ohun tí àwòrán ti sọ tán. Labalábá ló wá bà á jẹ́ jù. Nínú ìwé, ẹni tó ń ya labalábá ni alágbẹ̀dẹ náà fi ara rẹ̀ hàn bí, ó nídìí tí wọ́n fi ń pè é ní Signor Farfalla. Nínú fíìmù, wọ́n sọ ọ́ di oníkámẹ́rà, síbẹ̀ wọ́n di labalábá mú: wọ́n fín in sẹ́yìn rẹ̀, òmíràn bà lé Mathilde, òmíràn tún ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ì bá tó.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ kọ́kọ́ wọ ètò tẹlifíṣọ̀n yín. Ẹ pa ohun tó ń mú àwòrán yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá: Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity ni Samsung ń pè é, TruMotion ni LG, Motionflow ni Sony. Tí ẹ kò bá pa á, Abruzzo á dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi kámẹ́rà fídíò ya ìgbéyàwó. Àwòrán náà fẹ̀ ju ojú tẹlifíṣọ̀n lọ, dúdú á sì wà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ má tẹ zoom. Etí méjèèjì ni zoom máa gé, etí gan-an sì ni ewu máa ń dúró sí nínú fíìmù yìí. Alẹ́ ni kí ẹ wò ó, torí àwọn ọ̀nà tóóró yẹn ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé á pa wọ́n rẹ́. Tó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ẹ lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ etí (earphone), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdajì fíìmù ti lọ: ẹsẹ̀ lórí òkúta, ilẹ̀kùn mọ́tò lókèèrè, ohùn nìkan ló ń kìlọ̀ fún Jack. Wọ́n ń sọ èdè Ítálì níbì kan àti ibòmíràn, ẹ wá ẹ̀dà tó ní àkọlé nísàlẹ̀. Ní ti dátà, àwòrán HD lè jẹ bíi 3GB ní wákàtí kan, èyí tó kéré jẹ́ bíi 1GB, nítorí náà ẹ ṣírò rẹ̀ kí ó tó já yín sójú ọ̀nà.

Ẹni tí kò tíì wò ó, kó fo ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé èyí.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Jack fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣe ìbọn tí wọ́n máa fi pa á, Pavel sì ni ẹni tó rán iṣẹ́. Nígbà ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ àwọn oníjọ, Mathilde fojú sun ún láti orí òrùlé, ó yìn ín, ìbọn bú gbàmù lójú òun fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó yọjú wá ṣàlàyé fún yín pé Jack ti fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò nílò àlàyé, ẹni tó ń retí ariwo ní kò sí ìdí. Labalábá tó fò sókè lẹ́yìn ikú Jack, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ mọ́.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Tí oorun bá ti gbé yín níbẹ̀ rí, ẹ wo The Killer tí David Fincher ṣe ní 2023, ó wà lórí Netflix, ìṣẹ́jú 118. Ìdúró pọ̀ nínú òun náà, ṣùgbọ́n agbanipa ibẹ̀ ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kàn láìsinmi, ó sì ń pa yín lẹ́rìn-ín. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ràn ibi agogo àti hámà yẹn, Le Samouraï ti Jean-Pierre Melville, 1967, ni kí ẹ wá lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Ẹyẹ kan ń bá ọkùnrin náà gbé nínú àgò. Lọ́jọ́ kan tó wọlé, tó rí i pé ara ẹyẹ náà kò balẹ̀, ó mọ̀ pé ẹnì kan ti wọ yàrá òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀.