Tẹlifíṣọ̀n 4K Oní-íńṣì 43 àti Ẹ̀rọ DVD: Bí Àwòrán Ṣe Rí

Tẹlifíṣọ̀n 4K oní-íńṣì 43 tí mo gbé yẹ̀wò yìí dára, ó sì tó iye tí wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ẹ̀rọ DVD mọ́ ọn tí kò sì fọwọ́ kan ètò àwòrán rẹ̀ yóò rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá ló ṣì ní páálí tí àwo fíìmù, àwo ìgbéyàwó àti àwo ìsìnkú òbí kún inú rẹ̀, tí ẹ̀dà wọn kò sì sí níbòmíràn. Nítorí wọn ni mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yìí sí pàtàkì.

Àwo DVD tí wọ́n ṣe ní ìlànà PAL, èyí tí a ń lò ní Nàìjíríà, ní àmì kéékèèké 720 ní ìbú àti 576 ní òró, nígbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n yìí ní 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró. Ìyẹn ni pé àmì kan ṣoṣo láti orí àwo ni tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ sọ di 20. Àwo VCD tí wọ́n fi ta fíìmù Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún tún kéré jùyẹn lọ, nítorí 352 ní ìbú àti 288 ní òró péré ni tirẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ohun tí kámẹ́rà kò yà padà. Ṣe ni tẹlifíṣọ̀n ń fojú dá ohun tó yẹ kó wà láàárín àmì méjì, èyí tí mo yẹ̀ wò yìí sì mọ̀ ọ́n ṣe níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ní ti wáyà, bí ẹ̀rọ DVD yín bá ní ihò HDMI (ihò pẹlẹbẹ tí wáyà kan ṣoṣo ń gba ibẹ̀ gbé àwòrán àti ohùn pọ̀), ẹ má lo òmíràn. Nínú wáyà olórí mẹ́ta, olórí yẹ́lò nìkan ló ń gbé àwòrán, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ sì jọ ń gba inú rẹ̀ kọjá, débi pé àwọ̀ aṣọ pupa máa ń ṣàn sára ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, inú ètò ẹ̀rọ DVD ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti tò sí 4:3 (ìbú mẹ́rin sí òró mẹ́ta) láti ilé iṣẹ́, nítorí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ẹ̀yìn gbàǹgbà. Ẹ yí i sí 16:9, ìrísí fífẹ̀ ti tẹlifíṣọ̀n òde òní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fíìmù fífẹ̀ á hàn bí àwòrán kékeré tí dúdú yí ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwo tí wọ́n yà ní 4:3 ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí dúdú ọ̀tún àti òsì wà níbẹ̀, torí bí ẹ bá fà á kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ìyàwó tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ á di ẹni tó sanra. Bí ẹ bá sì lo Zoom, ètò tó ń fẹ àwòrán tóbi, àkọlé èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ fíìmù Yorùbá ló máa kọ́kọ́ gé kúrò.

Ibi tó gba sùúrù ni ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Vivid ni ó wà nígbà tí a tú u nínú páálí, ètò tí wọ́n fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná ti mọ́lẹ̀ gan-an. Nínú yàrá, ṣe ni aṣọ funfun ń dà bí èyí tí wọ́n fi búlúù fọ̀ jù. Mo yí i sí Movie. Sharpness, ètò tó ń mú kí etí àwòrán mú, wà ní 50, nínú àwo ìgbéyàwó kan sì rèé, ìlà funfun tín-ín-rín yí fìlà abetí-ajá bàbá ìyàwó ká, bí ẹni pé wọ́n gé orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àwòrán ni. Nígbà tí mo fà á wálẹ̀ sí 10, ìlà náà pòórá. Noise Reduction, ètò tó ń nu èérí ojú àwòrán, ní tirẹ̀ pa ọnà ara aṣọ òkè ìyàwó rẹ́ pátápátá, àmọ́ lórí VCD, òun náà ló mú kí àwọn igun mẹ́rin kéékèèké tó máa ń bo ojú òṣèré rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹ pa á fún DVD, kí ẹ sì tan án níwọ̀nba fún VCD.

Ètò kan tún wà tó ń mú kí àwòrán máa lọ geere. LG ń pè é ní TruMotion, Samsung ní Auto Motion Plus (Picture Clarity lórí àwọn tuntun), Sony ní Motionflow. Àwòrán 24 ni fíìmù sinimá máa ń ní nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ètò yìí á sì máa hun òmíràn sáàárín wọn, títí tí eré yóò fi máa jọ ìròyìn alẹ́, tí etí apá oníjó yóò sì máa fà ya bó bá ti ju ọwọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, òṣèré Tom Cruise ṣe fídíò kan láti rọ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n pa á. Mo fara mọ́ ọn gidigidi.

Ohun tí mo yìn jù lára tẹlifíṣọ̀n yìí ni pé ihò HDMI kọ̀ọ̀kan ló ń pa ètò tirẹ̀ mọ́, nítorí náà ètò DVD kò ba ti dẹ̀kódà jẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọn kò fi wáyà kékeré tí olórí mẹ́ta nílò sínú páálí rẹ̀. Ẹni tí DVD pọ̀ nílé rẹ̀ lè rà á láìfòyà, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ VCD nìkan ló ní, oní-íńṣì 32 ni kó rà.