Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta brooch "ẹrù ìyá àgbà" yìí o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó àwọn ẹ̀ṣọ́ ńláńlá ayé 1940 sí 1960 jọ, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tú wọn láti fi ṣe tuntun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹnì kan wà lórí ayélujára tó ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń ta brooch (ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ so mọ́ aṣọ), ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́ gbàgbà-gbàgbà, ó ní ẹrù ìyá àgbà kan tó ti dolóògbé lòun ń tà, pé orijínà ni gbogbo ẹ̀, irọ́ gbuu ni. Mi ò dárúkọ ẹ̀ torí orúkọ tó ń jẹ́ lónìí kọ́ ló máa jẹ́ lọ́la, ìṣe ẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀.

Ohun tó mú kó léwu ni pé olè tó mọ̀wé ni. Bó bá ń ta Trifari, ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ Amẹ́ríkà kan, fún yín, á sọ fún yín pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí wọ́n lo àwọn irin kan fún ẹ̀ṣọ́ mọ́, pé ìyẹn ni wọ́n fi ń fi fàdákà ṣe é tí wọ́n á wá fi góòlù bò ó lójú, òótọ́ sì ni. Á dárúkọ Alfred Philippe tó ń ya iṣẹ́ fún wọn, òótọ́ náà ni. Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo ìyẹn á ti máa wọ́wó kiri. Ibi tí irọ́ wà ni ẹ̀yìn brooch, kì í sì í ya fọ́tò ẹ̀yìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra ọ̀kan, ẹyẹ ńlá kan tí ikùn ẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó mọ́ kedere, irú èyí tí wọ́n ń pè ní jelly belly, ẹni tó tà á ní 1943 ni wọ́n ṣe é. Mo yí i padà. Òǹtẹ̀ Trifari wà níbẹ̀ lóòótọ́ pẹ̀lú adé lórí ẹ̀, àmọ́ etí àwọn lẹ́tà yẹn ti kú, o ò mọ èyí tó jẹ́ F, ihò wẹ́wẹ́ kún ara irin ẹ̀yìn, kò sí ọ̀rọ̀ Sterling, tí wọ́n fi ń sàmì sí ojúlówó fàdákà, níbì kankan, bẹ́ẹ̀ fàdákà nígbà ogun ló ní òun tà. Èyí tó wá bùṣe ni àmì © tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yẹn. 1943 kẹ̀! Ọdún 1955 ni Trifari jàre ní kóòtù kan ní Amẹ́ríkà pé irú ẹ̀ṣọ́ yìí náà jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí ṣe, ẹ̀yìn ìyẹn ni àmì yẹn tó gbòde.

Ìdí tí lẹ́tà fi máa ń kú bẹ́ẹ̀ ni pé ara orijínà ni wọ́n ti ń ṣe mọ́ọ̀dù, wọ́n á wá da irin yíyọ́ sí i, gbogbo ohun tó mú ṣáṣá lára ìyá á ti rọlẹ̀ lára ọmọ. Irin sì máa ń sún kì bó bá tutù, torí náà ayédèrú sábà máa ń kéré díẹ̀ sí ojúlówó. Tẹ́ ẹ bá rí ìwọ̀n ojúlówó, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó tán. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti lẹ pátákó orúkọ (irin pẹlẹbẹ kékeré tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára ẹ̀) mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá rí àtè tó yọ jáde létí ẹ̀, ẹ sá.

Ó tún ń ta fàdákà Taxco ti Mẹ́síkò, ó ní ti 1950. Lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀ (irú TM-50 báyìí), ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Òkúta tó ń dán láwọ̀ oríṣiríṣi, aurora borealis, kò sí láyé kó tó di àárín àwọn ọdún 1950, ẹ má jẹ́ kó tà á fún yín ní ti àwọn ọdún 1940.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ Bakelite (rọ́bà líle ayé àtijọ́) ṣe ẹ̀gbà tuntun, tiyín ló pọ̀ jù, torí ó ń tà á lápò lápò. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á títí á fi gbóná, òórùn kẹ́míkà kan máa ta sí yín nímú. Tàbí kẹ́ ẹ fi Simichrome, ọ̀dà tí wọ́n fi ń dán irin, díẹ̀ sórí òwú, kẹ́ ẹ fi nu ún, òwú á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí Bakelite bá ni, àyàfi pé èyí tó dúdú máa ń kọ̀ nígbà míì. Bẹ́ ẹ bá rí ilà mọ́ọ̀dù tó gba ara ìlẹ̀kẹ̀ kọjá, rọ́bà lásán ni. Ẹ dákun, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un bí àwọn kan ṣe ń kọ́ni, bó bá lọ jẹ́ celluloid, rọ́bà àtijọ́ míì, ó lè gbiná mọ́ yín lọ́wọ́.

Tó bá kan owó, PayPal Friends and Family, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí, ló máa ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, á ní owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ ti pọ̀ jù. Wọn ò lè gba owó yẹn padà fún yín o. Goods and Services, tó wà fún ọjà rírà, ni kẹ́ ẹ fi san án, bó bá kọ̀ ẹ fi sílẹ̀, ó ti sọ ara ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi béèrè fọ́tò ẹ̀yìn òmíràn tó fẹ́ rà, bulọ́ọ̀kù ló fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó, ẹ má yọ pátákó orúkọ yẹn, ẹ má fọ nǹkan náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ kó tó pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ Goods and Services, ọjọ́ 180 lẹ ní láti fẹjọ́ sùn, látọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó ni wọ́n ti ń kà á.