Ilé-iṣẹ́ tí ó bá mi wá ìyá tó bí bàbá àgbà mi nínú ìwé owó orí

Èsì àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ yìí fi ránṣẹ́ sí mi ni ó bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí, bí n kò tilẹ̀ ní í dárúkọ wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi tọpasẹ̀ ìyá tó bí bàbá àgbà mi, aláró kan tí ó ń ná ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, nínú ìwé owó orí àti ìwé ilẹ̀ ayé òyìnbó. Wọ́n gba ₦60,000 lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó ṣí ìwé kankan. Ohun tí wọ́n kó fún mi ni orúkọ àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń jẹ́ irú orúkọ ìdílé wa, tí a kò sì bá tan rárá: ará Òwu ni wọ́n, Kémta ni àwa, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì nínú Abẹ́òkúta. Wọ́n wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé àwọn kò rí obìnrin náà nítorí pé ọkùnrin nìkan ni ìjọba ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni yóò ka irú ọ̀rọ̀ yìí tí inú rẹ̀ kò ní í ru? Láti 1918 tí òyìnbó ti gbé owó orí dé Abẹ́òkúta, ọdún tí ogun Adúbí, ìyẹn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí òyìnbó, bẹ́ sílẹ̀, ni obìnrin ti ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó orí yìí wà lára ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà torí rẹ̀ yabo ààfin ní 1947, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò nílùú ní 1948.

Mo pe ọ̀gá wọn. Ó ní, “Mà, ẹ fara balẹ̀, a ti parí iṣẹ́ yín.” Mo bi í pé ìlú wo nínú Ẹ̀gbá ni wọ́n wá orúkọ náà sí, ó ní Abẹ́òkúta. Mo ní mo mọ̀, ìlú wo nínú Abẹ́òkúta? Ó ní owó tí a bá ti san kì í padà, ó sì gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu.

Ọmọbìnrin tó ń bá wọn wo ìwé ló pè mí ní alẹ́. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí, ó wá ṣàlàyé pé orúkọ ìdílé kò lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé orúkọ àbísọ ni wọ́n máa ń kọ nígbà náà, lábẹ́ ìlú àti olóyè tó ń gbowó. “Mà, kí ni wọ́n ń pe màmá nínú ilé? Agboolé wo ni wọ́n fẹ́ wọn sí?” Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yìí nígbà tí mo ń sanwó. Mo sọ fún un, mo tilẹ̀ ki oríkì wọn fún un lórí fóònù.

Nígbà tí fọ́tò dé sórí WhatsApp mi, n kò lè sọ̀rọ̀. Ojú ìwé kan ni, tádàwà rẹ̀ ti pọ́n bí omi obì, orúkọ àwọn obìnrin tò sísàlẹ̀, iṣẹ́ oníkálukú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá wa wà níbẹ̀, “aláró”, pẹ̀lú àmì pé wọ́n ti san. Owó tí wọ́n fi ni wọ́n lára yẹn ni ó jẹ́ kí orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀.

Ọmọ náà kò dúró síbẹ̀. Ó lọ wo ìwé ilẹ̀ tí ẹlòmíràn fi ra oko, nítorí pé orúkọ àwọn tí ilẹ̀ wọn bá pààlà ni wọ́n fi ń júwe ilẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: láti ìdí pèrègún dé etí odò, láti etí odò dé oko ìyá wa. Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí pé wọ́n ní oko.

Ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ₦15,000 lórí ìwé ilẹ̀ yìí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó sì wà lórí èsì tuntun tí wọ́n tẹ̀. Ìyẹn burú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò wo ìwé náà, kí ó sì bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ kí ó tó sanwó.

Máàkì: 4 nínú 5.