Gọ́ọ̀mù wo ni ká fi lẹ alukobọ́ǹdì síwájú ṣọ́ọ̀bù? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà á

Ẹ wọ ọjà Odúnadé ní Oríle, kí ẹ ní ẹ fẹ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ alukobọ́ǹdì, ìyẹn ṣíìtì alumíníọ̀mù tó ní ike láàárín, mọ́ férémù onípáìpù irin. Wọ́n lè kó oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún síwájú yín, gbogbo ẹ̀ ló sì jẹ́ “èyí tó lágbára jù”. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí agbára. Gọ́ọ̀mù tó le bí irin lè já kí ọdún tó yí po, torí kò lè nà.

Alukobọ́ǹdì máa ń gùn sí i tí oòrùn bá pa á. Tí ìgbóná bá fi díígírì 100 lé sí i, mítà kan rẹ̀ á fi nǹkan bíi mìlímítà 2.4 gùn sí i. Ṣíìtì aláwọ̀ dúdú tó kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, láti àárọ̀ ọyẹ́ sí ọ̀sán gangan, ìyàtọ̀ ìgbóná rẹ̀ lè tó díígírì 50. Ṣíìtì ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, tó jẹ́ mítà 2.44 ní gígùn, á ti fi bíi mìlímítà 3 gùn sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́, á sì tún súnkì lóru. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí gọ́ọ̀mù yín máa bá yí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tètè yọ méjì kúrò. Àkọ́kọ́ ni gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn oníbàtà ń lò. Ó máa ń mú kíá, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ mo ti ki ìka bọ ẹ̀yìn irú ṣíìtì bẹ́ẹ̀ rí lọ́sàn-án: gọ́ọ̀mù náà ń fà yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Èkejì ni epoxy tí wọ́n ń po méjì pọ̀. Ó le, àmọ́ kì í nà. Ẹ fi ṣe nǹkan mìíràn.

Sílíkónì ló pọ̀ jù lọ́jà, oríṣi méjì ló sì ní. Imú yín ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fún díẹ̀ sórí ìka, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń run bí ọtí kíkan, ásíìdì ló ń tú jáde bó ṣe ń gan, ásíìdì yẹn sì máa ń jẹ irin, pàápàá èyí tí wọ́n fi síǹkì bò. Mo bá wọn tú ṣíìtì kan tó já níwájú ṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn. Sílíkónì náà ṣì wà lódindi lẹ́yìn rẹ̀, ó rọ̀, ó ń dán, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú pupa láti ara páìpù férémù tó ti dógùn-ún ló bo ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Gọ́ọ̀mù ò já rárá, irin ló jọ̀wọ́ rẹ̀.

Sílíkónì kejì, èyí tí wọ́n kọ “neutral” sí lára, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń nà dáadáa, oòrùn ò sì rí i gbé ṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé tó bá yọ sójú ìsopọ̀, eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, òjò á sì fa ìlà dúdú sílẹ̀ lára ṣíìtì funfun. Ọ̀dà kì í mú un náà.

Gọ́ọ̀mù PU (polyurethane) lágbára ju sílíkónì lọ, ó sì ń nà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi í sójú ibi tó lómi, ó máa ń hó, á sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Oòrùn máa ń sọ ojú rẹ̀ di ìyeyè. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́.

MS polymer, gọ́ọ̀mù inú ike mìíràn tó ń nà, ni èmi ń fi owó ara mi rà. Kì í hó, kò ní òórùn líle, oòrùn kì í tètè bà á jẹ́, ẹ sì lè kùn ún lọ́dà. Ó wọ́n ju sílíkónì lọ, òótọ́ ni. Ẹ fi owó yẹn wé owó àkàbà àti owó òṣìṣẹ́ tí ẹ máa san lẹ́ẹ̀kejì.

Ó wá ku téèpù olójú méjì, ibí ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Ẹ gé díẹ̀, kí ẹ fà á. Èyí tó dáa, tí wọ́n fi acrylic ṣe, á nà bí ṣingọ́ọ̀mù kó tó já. Ayédèrú á ya bọ́lọ́bọ́lọ́ bíi tìmùtìmù. Fún VHB, tó jẹ́ irú téèpù acrylic yìí, iléeṣẹ́ 3M tó ń ṣe é ní kílò kan nílò nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin (square centimetre) 55 téèpù. Ṣíìtì mìlímítà 4 tí a ń sọ yìí wúwo tó kílò 16, nítorí náà téèpù oní-ínṣì kan á gùn tó mítà 3.5, ká tó ka ti atẹ́gùn mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 20 ló fi ń ní ìdajì agbára rẹ̀, ó di wákàtí 72 kó tó pé.

Téèpù tó jẹ́ mìlímítà 1.1 lè fi ìlọ́po mẹ́ta sísanra rẹ̀ tẹ̀ lé ṣíìtì tó ń sún. Ìyẹn tó. Àmọ́ kò lè dí àlàfo, èyí ló sì máa pinnu ohun tí ẹ máa rà. Ẹ fi okùn na férémù tí wẹ́dà jó. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, téèpù lè ṣe é. Tó bá gbun (ó sábà máa ń gbun), gọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ lò.

Bí owó bá tó, ẹ so méjèèjì pọ̀: téèpù tó nípọn tó mìlímítà 3, ìlà MS polymer lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Téèpù á gbá ṣíìtì mú títí gọ́ọ̀mù á fi gan, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n tẹ gọ́ọ̀mù náà pẹlẹbẹ. Ẹ fa ìlà náà lóòró, látòkè wá sísàlẹ̀, kí omi lè rí ibi ṣàn. Ike mìlílítà 300 kan tó ìlà mẹ́ta fún ṣíìtì kan, bí ẹnu rẹ̀ ò bá fẹ̀ jù.

Sílíkónì, PU àti MS polymer, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú wọn gan, nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 lójúmọ́. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ike kẹ́ ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti le nínú, ẹ dá a padà.

Kí wọ́n tó lẹ ohunkóhun, kí wọ́n fi isopropyl alcohol (oríṣi sípíríìtì kan) tí wọ́n fi omi là dọ́gbadọ́gba nu ojú méjèèjì. Ọ̀dà tó bá ń ṣí lára páìpù, kí wọ́n ha á dànù; ara ọ̀dà ni gọ́ọ̀mù ń dì mọ́, kì í ṣe ara irin.

Ibi tí èèyàn bá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ fi rífẹ́ẹ̀tì kún un, kí ihò rẹ̀ lára ṣíìtì sì fẹ̀ ju ọ̀pá rífẹ́ẹ̀tì lọ kí ṣíìtì lè ráyè sún, àfi ẹyọ kan láàárín.