Wákàtí Méjì Tí Mo Fowó Rà ní Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó rọrùn. Bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì tá a dé sí dáa, omi gbígbóná ń yọ láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ kó tó dún tí wọ́n bá múná lọ. Ó tán. Ọ̀rọ̀ wákàtí méjì tí mo fowó rà ló gbé mi dé ibí. Láti ìgbà tá a ti padà sí Ìbàdàn ni mo ti ń rò ó fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí, títí bàbá àwọn ọmọ fi ní kí n jọ̀ọ́ lọ kọ ọ́ síbì kan, kóun ráyè sùn.

Ilé ìyá ọkọ mi wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibẹ̀ la sì máa ń sọ̀ sí tá a bá wá ṣọdún Iléyá. Lọ́dún yìí, kí àwa tó dé, àwọn ará Èkó ti bá reluwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba máa ń ṣètò fún ọdún wálé, ilé ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Àgbò méjì pàápàá ń du àyè mọ́ èèyàn lọ́wọ́. La bá gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní apá Òkè-Fìà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tó fà mí ni gbólóhùn kan nínú ìpolówó wọn lórí WhatsApp: ẹ kó àwọn ọmọ yín sí yàrá eré wa fún wákàtí méjì, kí ẹ̀yin náà lè sinmi.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Èkíní jẹ́ ọmọ ọdún 8, èkejì ọdún 5, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì àbọ̀. Tí mo bá ń kírun nílé, tí mo bá ti forí kanlẹ̀, ẹ̀yìn mi nìyẹn máa ń gùn. Mi ò wá oorun o. Mo kàn fẹ́ mu ife tíì kan kó ṣì gbóná dé ìdí ife, kí n máa wo ògiri.

Ọjọ́ kejì ọdún, bàbá wọn lọ sí ìpàdé ẹbí. Ní aago 3 ọ̀sán mo san ₦5,000. Ọmọbìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò kọ rìsíìtì fún mi, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Yàrá eré náà ní ẹní rọ́bà kan, bọ́ọ̀lù méjì tí ọ̀kan ti jò, àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n ní kó dúró tì wọ́n. Mo lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, mo gbé tíì dání. Mo fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan.

Aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 17, ọmọbìnrin náà dé.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Kékeré yẹn fẹ́ ṣe ìgbẹ́.”

“Ṣé kò sẹ́ni tó lè bá a lọ ni?”

“Wọn ò ní ká bá ọmọ oníbàárà wọ ilé ìgbẹ́ mà.”

Òfin yẹn, mo fara mọ́ ọn. Mo dìde. Nígbà tí mo máa padà, eṣinṣin ti wà nínú tíì. Mo lọ gba òmíràn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún dé: “Mọ́mì, èyí àárín ní òun ní ìbéèrè.” Ìbéèrè wo? Ó ní ọmọ ní ìyá òun nìkan lòun máa bi. Mo tún dìde. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìbéèrè ọ̀hún? “Mọ́mì, àgbò tá a pa lánàá, ṣé ó máa bá wa dé àlùjánnà?” Mo ní ká bi bàbá àgbà tí wọ́n bá ti ìrun dé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá mi lábẹ́ igi. Ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú mà, bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Ìgbà yẹn ni inú bí mi. Mo mú rìsíìtì mi, mo lọ sí iwájú, mo ní kí wọ́n pe mánijà. Ó jáde wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Mọ́mì wa, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ̀yin làwọn ọmọ ń wá, a ò lè fi okùn so wọ́n mọ́lẹ̀.” Mo ní èmi kọ́ ni mo kọ wákàtí méjì sínú ìpolówó. Ó ní Alhaji tó ni ilé nìkan ló lè dá owó padà, Alhaji ò sì sí nílé. Ó ní kí wọ́n fún mi ní malt kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbà á, kí n má parọ́. Kò tutù.

Ariwo mi ló mú ìyá kan jáde láti ilé ìdáná, ìyá àgbàlagbà tó ń se oúnjẹ níbẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn rárá. Àwọn ọmọ ni wọ́n kọjú sí: “Ta ló mọ ẹ̀wà ṣà nínú yín?” Àwọn méjèèjì nawọ́. Àbíkẹ́yìn náà nawọ́, kò mọ ohun tí ẹ̀wà ṣíṣà jẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n bèèrè ilé tí mo fẹ́. Mo sọ. Wọ́n ní àwọn àti ìyá ọkọ mi jọ rẹ aró nígbà èwe ni. Mo pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, torí mi ò ya wèrè, n ò lè kó ọmọ fún ẹni tí n ò mọ̀. Ṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ọ̀rẹ́ àwọn. Àwọn ìyá méjèèjì gbàgbé mi sórí fóònù yẹn, káàdì mi ń lọ.

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá ní, “Ìyàwó wa, máa lọ. Lọ wo omi.”

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Igbó tí UNESCO ti fi sára ogún àgbáyé láti 2005, tí òyìnbó ń wọ bàálù wá wò, ọdún 10 tí mo ti fẹ́ ọmọ ìlú yìí, mi ò tíì dá wọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀ẹ̀kan tá a kó àwọn ọmọ lọ, ọ̀bọ gba gúgúrú lọ́wọ́ èkejì, igbe ni mo gbọ́ débi tí mi ò ríran. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró ti àwọn ère tí Àdùnní Olóríṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó wá di ará Òṣogbo, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú mọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wù mí. Mo lọ jókòó létí odò. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bu omi sínú ike, ó ń tọrọ ọmọ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Ojú tì mí. Ohun tí ó wá tọrọ lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun, mẹ́ta rẹ̀ ni mo sá fún wá síbẹ̀. Mo ṣe àmín sí tirẹ̀ nínú mi.

Mo sì tún jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i.

Nígbà tí mo padà dé, àbíkẹ́yìn ti sùn sẹ́yìn ìyá, wọ́n fi ìró pọ̀n ọ́n. Èkejì ń ka òkúta tó rí nínú ẹ̀wà, ó ti dé 31. Èkíní wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ti tètè dé.” Ẹ̀wà yẹn ni wọ́n fi ṣe mọ́ínmọ́ín àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dùn gan-an. Mo géyín mọ́ òkúta kẹtàlélọ́gbọ̀n.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni. Mo fún ìyá ní ₦2,000, mánijà rí i, ó ní kí wọ́n kó o wá sí ọ́fíìsì, pé òfin ò gbà kí òṣìṣẹ́ gbowó lọ́wọ́ àlejò. Ìyá tó tó ìyá rẹ̀ bí lọ́mọ! Mo jókòó sí ọ́fíìsì yẹn, mo ní mi ò ní kúrò, òun náà rí i pé ẹrù wa ti wà nínú bọ́ọ̀tù, àwọn ọmọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó dá owó ìyá padà. ₦5,000 tèmi ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí di òní. Ó ní Alhaji ò tíì dé.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo mọ ohun tí mo kọ sókè. A sì ti sọ fún wọn kí wọ́n bá wa mú yàrá kan sílẹ̀ fún Iléyá tó ń bọ̀. Ẹ gba yàrá apá ẹ̀yìn, torí ti iwájú sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ jù. Ẹ má san owó yàrá eré. Ẹ gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀wà kóńgò méjì dání.