Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọmọ ajá Boxer ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí ọmọ ajá. Ọkùnrin kan wà tó ń ta ọmọ Boxer lórí WhatsApp, Ọ̀yọ́ ló sọ pé òun wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí àmọ́ màá sọ bó ṣe ń ṣe é, torí ó ṣì gbé àwòrán síta láàárọ̀ yìí.

Ó ti tó ọdún méjì tí àwọn ọmọ mi ti ń yọ bàbá wọn lẹ́nu pé àwọn fẹ́ ajá. A wá fẹnu kò pé Boxer la máa rà, ajá àwọn ará Jámánì yẹn, torí ó fẹ́ràn ọmọdé ó sì mọ ilé ṣọ́. Kì í ṣe ajá téèyàn ń so mọ́ ẹ̀yìnkùlé kó gbàgbé síbẹ̀, àárín ẹbí ló máa ń fẹ́ wà, tínú ẹ̀ bá dùn gbogbo ara ló fi ń jó, á ká kò bí ẹni pé imú ẹ̀ fẹ́ kan ìdí ẹ̀. Imú ẹ̀ tó kúrú yẹn kì í jẹ́ kó lè fara da ooru, la bá ti ṣètò ibi tó máa sùn sábẹ́ igi máńgòrò, àwo omi ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ lórúkọ kó tó dé rárá, Tanímọ̀la.

150,000 náírà ló pè é. Ó ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́, títí kan ti dìgbòlugi. Mo ní ṣé a lè rí ìyá ẹ̀, ó ní ìyá ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìbàdàn, pé ajá náà burú kì í gbàlejò. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Ó ní ká san 70,000 sílẹ̀ kíá torí ẹnì kan láti Ìlọrin ti fẹ́ gbé e, a sì san án. Ó wá ní ká má wulẹ̀ wá sílé, ká pàdé òun ní Òwódé nínú Ọ̀yọ́. Bàbá àwọn ọmọ gbé mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ débẹ̀, inú páálí ìndómì ló gbé ọmọ ajá sí, ó gba owó tó kù, ó gun ọ̀kadà, ó lọ, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni ò sùn nínú àwọn ọmọ. Abẹ́ apá àbíkẹ́yìn mi ni Tanímọ̀la fi orí sí.

Ọjọ́ kejì, kò jẹun. Ọjọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, òórùn ẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní ẹ fún un lépo pupa. Ẹ jọ̀ọ́, epo pupa ò wo parvo o, àrùn tó ń mú ọmọ ajá bì tó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀! Dókítà ajá tá a gbé e lọ bá sọ fún wa pé kò sóògùn tó ń pa kòkòrò yẹn gan-an, omi tí wọ́n ń fà síni lára àti oògùn tó ń dá èébì dúró ni wọ́n fi ń gbà á là, tó bá tètè dé. Ó la ẹnu ajá náà wò, ó ní eyín ẹ̀ ò tíì yọ tán, ajá yìí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kéré jù tó yẹ kí wọ́n tó gbà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀.

Ó wá wo káàdì abẹ́rẹ́, ó kàn mi orí. Tí dókítà bá fún ajá lábẹ́rẹ́, á bó ìwé kékeré tó wà lára ìgò abẹ́rẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, á kọ déètì, á sì buwọ́ lù ú. Ti wa, bírò lásán ni, bírò kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀. Àti pé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ti dìgbòlugi sì ń dúró dìgbà tó bá tó oṣù mẹ́ta. Torí náà ẹni tó bá sọ pé ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti gba abẹ́rẹ́ tán, irọ́ ló ń pa fún yín.

Tanímọ̀la kú láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Èkejì ọmọ mi ò lọ sílé ìwé lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì lè lé e.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Nígbà tí mo sọ fún ọkùnrin náà, ó ní kí n mú 50,000 wá kóun fún mi ní òmíràn. Kòkòrò parvo sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọṣẹ lásán ò pa á, bílíìṣì tá a lú, ife kan sí ọgbọ̀n ife omi, la fi fọ gbogbo ilẹ̀ àti àwo. Ọmọ ajá tí ò tíì gba abẹ́rẹ́ tán tó bá wọ ọgbà mi báyìí, á kó o. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì búlọ́ọ̀kù mi.

Mo gbé e sí status, ìyàwó ilé kan ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí, aṣọ búlúù tó wà lábẹ́ ajá nínú àwòrán tiwa náà ló wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Funfun ni wọ́n tà fún òun, wọ́n tún fi owó lé e pé funfun ṣọ̀wọ́n. Kò ṣọ̀wọ́n rárá, nínú Boxer mẹ́rin tàbí márùn-ún ọ̀kan lè funfun, àwọn kan nínú wọn kì í sì í gbọ́ràn, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Mo fi Google wá àwòrán náà, ojú ìwé àwọn òyìnbó kan ni mo ti rí i.

Tẹ́ ẹ bá máa rà, ẹ lọ sílé tí wọ́n bí i sí, kẹ́ ẹ rí ìyá ẹ̀ pẹ̀lú ọmú tó wú, kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ síwájú ọmọ ajá kó jẹ ẹ́ lójú yín. Ẹni tí ò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti rà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé ajá yẹn lọ bá dókítà lónìí yìí, ẹ má dúró kó bì.